Bí Onímú Ṣe Di Adùbúlẹ̀

Ní oko ẹlẹ́dẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú ọ̀nà tí erùpẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin kan wà tí gbogbo ayé ń pè ní Onímú. Kì í ṣe pé imú rẹ̀ tóbi o. Imú náà kò ju imú lọ: ihò méjì, igi kan láàárín, ó sì tẹ́ díẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lé e nígbà tó wà lọ́mọdé. Iṣẹ́ tí imú náà ń ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ.

Wọ́n ní bí Onímú bá dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀, kó tó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, yóò ti mọ ilé tí ìgbẹ́ gbuuru yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Wọ́n ní ọjọ́ kan, ó dá ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ bọ̀ dúró lójú títì, ó ní kí wọ́n tú àpò kẹta láti ìsàlẹ̀ wò, ó ti bu. Àwọn tó fẹ́ràn àsọdùn ló ń sọ pé àpò kẹta. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àpò kejì ni. Wọ́n tún ní nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún àkọ́bí wọn, òun ló kọ́kọ́ mọ̀, pé ẹnu rẹ̀ ni obìnrin náà ti gbọ́. Ìyàwó ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé mẹ́fà ló wà lóko náà. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára ògiri wọn, kọ́kọ́rọ́ gbogbo wọn sì wà lára irin róbótó kan nínú àpò Onímú. Ẹni tí irin yẹn ń dún lápò rẹ̀ ni olórí òṣìṣẹ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi dún lápò ọkùnrin yìí. Tó bá ń rìn bọ̀, àwọn abo ẹlẹ́dẹ̀ tó ti dàgbà níbẹ̀ á ti dìde dúró kó tó yọ.

Obìnrin tó ni oko, tí wọ́n ń pè ní Màmá Olóko, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ń fi ọ̀pá rìn, bí ọ̀pá yẹn sì ṣe le tó, orí rẹ̀ le jù ú lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ gba ìwé gbọ́, kò gba tẹlifóònù gbọ́. Imú Onímú ló gbà gbọ́. Bí nǹkan bá rú u lójú, yóò na ọ̀pá sí i: "Onímú mi, kí lo gbọ́?" Onímú á na ọrùn sókè, á fa afẹ́fẹ́ símú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á ní, "Ó dára, Màmá," tàbí "Kò dára." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Màmá a sì máa fi ṣàwàdà pé, "Ọjọ́ tí imú yìí bá kú, kọ́kọ́rọ́ mi á wá ọwọ́ mìíràn lọ o!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Onímú á rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ.

Imú náà kú.

Ọ̀fìnkìn ńlá kan ló mú ọkùnrin náà, ó sì dí i nímú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí imú là, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí èrò tó gba inú ọjà tí wọ́n ti pa tì: kò rí nǹkan rà, kò rí ẹni kí. Ó gbé ọṣẹ símú, òfo. Ó gbé kẹrosíìnì símú, òfo. Ó lọ sẹ́yìn Ilé Kẹta níbi tí wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹran sí, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀, eṣinṣin ń kí i lọ́tùn-ún lósì, kò gbọ́ òórùn kankan. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ọ̀ràn dé.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi gbé òkú imú kiri lójú ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀, nítorí pé ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹran kì í ṣe imú nìkan ló ní. Ó ń wo ìgbẹ́, ó ń wo etí, ó ń wo bí irun ṣe sùn sí ara. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń wo bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bó ṣe sùn ni lẹ́tà tó kọ. Tí wọ́n bá gorí ara wọn bí ẹrù aṣọ, òtútù ń mú wọn. Tí oníkálukú bá na ara rẹ̀ lọ́tọ̀, tó ń wá ibi tó tutù, ooru ń pa wọ́n. Tí wọ́n bá wá fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ létòlétò, tí wọ́n na ẹsẹ̀, ara tu wọ́n nìyẹn. Onímú mọ lẹ́tà yìí kà ju ẹni tó kàwé gboyè lọ.

Ohun tí kò bá rí kà lára ẹlẹ́dẹ̀, yóò lọ kà á lójú Kò-sí-wàhálà. Kò-sí-wàhálà ni ọkùnrin tó ń fún ẹran lóúnjẹ. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ilé ló ń jó. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò lè pa àṣírí mọ́. Bí òórùn kan bá ti yí padà, imú rẹ̀ á ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Onímú á yọ́ ojú yẹn wò, á na ọrùn, á fa afẹ́fẹ́ símú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wá fi ohùn àgbà sọ ohun tí ojú ẹlòmíràn ti sọ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni ayé ń lọ títí òtútù fi dé.

Ọ̀sẹ̀ tí òtútù dé yẹn ni wọ́n kó ọgọ́jọ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú sínú Ilé Kẹrin. Ilé náà kò ní ògiri gíga. Ògiri rẹ̀ kò ju ìgbáròkó ènìyàn lọ, tapólì ni wọ́n ń fà sókè láti bo ìyókù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Onímú dé ibẹ̀, ó bá wọn lórí ara wọn, òkè kan ní igun kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ̀n. Lẹ́tà yẹn hàn gbangba.

"Ẹ fa tapólì dókè pátápátá," ló wí. "Àlàfo tó wà lábẹ́ páànù yẹn náà, ẹ fi àpò oúnjẹ dí i. Mi ò fẹ́ rí ibi tí kòkòrò á gbà wọlé."

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ náà ti tò fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, wọ́n na ẹsẹ̀. Inú Onímú dùn. Ó ti ka lẹ́tà, ó sì ti fèsì.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé lẹ́tà náà ní ojú ìwé kejì. Ilé tí a dí tọwọ́ tẹsẹ̀, ìtọ̀ ọgọ́jọ ẹran nínú rẹ̀ kò ní ọ̀nà lọ. Ó ń gbóná, ó ń ru, ó ń di afẹ́fẹ́ kíkan tó ń ta ni lójú tó sì ń họ ni lọ́fun. Imú tó wà láàyè ì bá ti gbọ́ ọ láti ẹnu géètì. Ní ọjọ́ kẹta, Kò-sí-wàhálà jáde níbẹ̀ tòun ti omi lójú.

"Kí ló dé tí ojú ẹ ń ṣomi?" ni Onímú bi í.

"Kò sí wàhálà, ọ̀gá. Òtútù ni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára, àbí?"

Onímú wo ojú rẹ̀ títí. Ìdáhùn ló ń wá níbẹ̀, ìbéèrè ló bá. "Ó dára," ló wí.

"Mo ṣáà ní kí n béèrè," ni Kò-sí-wàhálà wí, ó sì fi apá aṣọ nu ojú. Ta ni òun, tí òun yóò fi gba ojú ara òun gbọ́ ju imú Onímú lọ?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà ẹran dé. Ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń kí gbogbo ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan. Ó kúnlẹ̀ kí Onímú, ó wọ Ilé Kẹrin, ó dúró jẹ́ẹ́. Kò fọwọ́ kan ẹran kankan. Ó ń fi ìka ka ikọ́. Húù. Húù-húù. Nígbà tí ìka ọwọ́ méjèèjì tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ wo abẹ́ ojú wọn, sà. Ilà dúdú tó ṣàn wálẹ̀ yìí, omijé ló gbẹ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ilé yìí ni. Àfi ká ṣí i."

"Òtútù á pa wọ́n."

"Mo mọ̀, sà. Èyí náà á pa wọ́n." Ó yọ bébà tín-ín-rín kan tí wọ́n fi ń dán afẹ́fẹ́ wò nínú àpò aṣọ rẹ̀, ó ta omi díẹ̀ sí i, ó gbé e sókè. Bébà tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè di àwọ̀ ewé, ó sì ń ṣú sí i.

Ìgbà yẹn ni ọ̀pá Màmá Olóko dún lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin pé ẹni tí kò wọ bàtà rọ́bà, tí kò ti ẹsẹ̀ bọ omi oògùn, kò gbọdọ̀ kọjá ìlẹ̀kùn. Ìta ló wà, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ sí i lójú.

"Bébà?" ni màmá wí, nígbà tí dókítà ṣàlàyé tán. "Ọmọ mi, bébà ò bá mi la ọdún mẹ́tàlélógún kọjá. Onímú mi, kí lo gbọ́?"

Onímú na ọrùn sókè. Ó fa afẹ́fẹ́ símú lẹ́ẹ̀kan, ọjà ṣófo. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo Kò-sí-wàhálà. Kò-sí-wàhálà ń wo òun náà. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta. Irin kọ́kọ́rọ́ tutù mọ́ ọn nítan.

"Ó dára, Màmá."

"Ó parí. Dókítà, wá nǹkan mìíràn tó ń ṣe wọ́n, kó o fún wọn lábẹ́rẹ́."

Ọmọbìnrin náà wo Onímú. Bó bá jẹ́ pé inú ló bí i ni, ì bá sàn. Ó wò ó bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé ojú òun ni kò ríran dáadáa ni. Ó ká bébà rẹ̀ sápò. Ìwò yẹn bá Onímú délé.

Wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, méjì kú. Ara tó ń ni àwọn ìyókù ti sọ wọ́n di oníjà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu ara wọn nírù jẹ. Ọ̀kan wà láàárín wọn tó kéré jù, tó ní àmì dúdú létí kan. Alámì ni Onímú ń pè é. Kò sí ọjọ́ tí Onímú wọlé tí Alámì kì í sáré wá já okùn tó fi ń so ẹnu bàtà rọ́bà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, kò wá. Ó jókòó bí ajá ní igun, ìdí nílẹ̀, iwájú nàró, ó la ẹnu, ikùn rẹ̀ ló fi ń mí. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i nírù. Onímú na ẹsẹ̀ tòun ti okùn bàtà sí i. Alámì wò ó, ó wúkọ́, kò sì kúrò lójú kan.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ran ọrùn aṣọ. Oúnjẹ tó bù sílẹ̀ ti tutù lórí tábìlì.

"Bàbá wọn, ẹ ò jẹun."

"Ebi ò pa mí, Ìyá wọn."

"Ṣé imú yẹn náà ni?"

Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìkòkò ni. Ìkòkò jó mọ́ iná lọ́dún tó kọjá, ẹ jókòó tì í, ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn. Aládùúgbò mẹ́ta ti gbé garawa omi wọlé kí ẹ tó ṣí ojú ìwé kejì."

"O wá mọ̀, o ò sọ nǹkan!"

"Ẹ̀yin náà ò sọ. Èmi sì ń jẹ̀gbádùn tèmi. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti bá mi jà nítorí òórùn òróró ẹ̀rọ."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. "Tí mo bá sọ ọ́, èyí lọ nìyẹn. Kí ni wọ́n á wá máa pè mí? Onímú tí ò nímú?"

"Tí ẹ ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Ó ti àwo sẹ́yìn. "Wọ́n jókòó bí ajá," ló wí. "Wọ́n ń fi ikùn mí."

Ìyàwó fi eyín já òwú. "Nígbà tí ojú tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí òwú ò wọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́, mi ò purọ́ fún aṣọ. Mo gbé ẹ̀rọ lọ sídìí fèrèsé, mo sì tẹrí ba sún mọ́ ọn." Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ó ń ránṣọ lọ.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Sátidé, Onímú nìkan ló wọ Ilé Kẹrin. Ó dúró láàárín wọn. Kò gbọ́ òórùn kankan, kò yani lẹ́nu. Ó rántí abẹ́rẹ́ àti ojú tó sún mọ́ ọn. Ó bọ́ fìlà, ó fi í sápò, ó sì dùbúlẹ̀ lórí kọnkéré, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀, ojú rẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ sí ilẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ń wo bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀. Kò dùbúlẹ̀ tì wọ́n rí.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú ló bá imú. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀: imú ti kú, ojú ṣì wà láyé. Kò pẹ́ tí ojú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni pé wọ́n fún àlùbọ́sà sí i. Omi dà. Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Ó wúkọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan fi ikọ́ dá a lóhùn. Nígbà náà ló yé e: ibi tí òun ti ń fa afẹ́fẹ́ símú láti ọjọ́ yìí, níbi gíga níbẹ̀ yẹn, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ kankan tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ní wákàtí méjì ló fi wà nílẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Kò pé ìdajì wákàtí, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí náà gùn.

Ibẹ̀ ni Kò-sí-wàhálà bá a. Ó ṣílẹ̀kùn tòun ti garawa oúnjẹ, ó rí ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀ láàárín ẹran, ojú pọ́n, kò mira. Garawa bọ́.

"Wàhálà dé o!" ló ké, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. "Wàhálà! Wàhálà ńlá! Ọ̀gá ti kú o!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá oko náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Màmá Olóko, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn géètì, sá jáde pẹ̀lú bàtà ilé, kò rántí bàtà rọ́bà, kò rántí omi oògùn, kò rántí òfin. Ó wọ Ilé Kẹrin gbọ̀ọ́rọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó dúró, ó fi etí ìborùn bo imú.

"Ọkùnrin yìí, ṣé o ti kú ni?"

"Mi ò kú, Màmá," ni ọkùnrin náà wí láti ilẹ̀. "Imú mi ló kú."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, lórí ìdúbúlẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá dìde dúró, òun lè tún purọ́. Màmá gbọ́ ọ tán. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, eegun rẹ̀ ń ké, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan ibi tí ojú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ wà. Nígbà tó dìde, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ti afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

"Oṣù mẹ́rìnlá," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Oúnjẹ tó o ní ó dára nígbà òjò ńkọ́?"

"Ojú Kò-sí-wàhálà ni mo wò."

"Ọmọ yẹn mú bébà wá, ó sọ òótọ́ fún mi, mo fi imú òkú já a nírọ́." Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó na ọwọ́. Onímú yọ irin róbótó náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Wọ́n já gbogbo àpò oúnjẹ náà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n fa tapólì wálẹ̀ dé ìwọ̀n ọwọ́ méjì, wọ́n fọ ilẹ̀, wọ́n sì fi kóríko gbígbẹ tẹ́ ẹ. Màmá fúnra rẹ̀ lọ pe dókítà padà. Kò bẹ̀ ẹ́; àgbà kì í bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, bébà ẹ yẹn, ṣé ó kù?" Nígbà tí dókítà dé, tó sì ń ronú ohun tí wọn yóò ṣe sí òtútù, ọkùnrin tí kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́ ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Kì í ṣe ilé ló yẹ ká mú gbóná. Ibùsùn wọn ni. Ẹ jẹ́ kí n fi pákó kan ìbòrí tó kéré sí igun kọ̀ọ̀kan, kó má ga ju orúnkún lọ, ká fi gílóòbù iná tó ń móoru kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á sùn síbẹ̀, wọ́n á máa mí afẹ́fẹ́ tuntun."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n á wọbẹ̀, sà?"

"Wọ́n á kọ ọ́ fún wa," ló wí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kọ ọ́: fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ ìbòrí, ẹsẹ̀ ní nínà, imú lóde.

Márùn-ún ló kú nínú ọgọ́jọ. Onímú ló gbẹ́ ilẹ̀ fún wọn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé ṣọ́bìrì. Alámì kò kú, ṣùgbọ́n kò dàgbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń wúkọ́ díẹ̀ díẹ̀ títí òtútù fi lọ.

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ Kò-sí-wàhálà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin náà rù, kò sùn mọ́, ó sì fi ìṣó kan kọ́ irin náà mọ́ ògiri ọfíìsì, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó wá mú un, òun ò ṣe mọ́. Màmá kò bá a jà. Ìṣó yẹn ni olórí òṣìṣẹ́ títí di òní. Lábẹ́ rẹ̀ ni pátákó dúdú kan wà tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe wà, òfin kan ló sì de pátákó náà: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé afẹ́fẹ́ dára, ìbáà jẹ́ dókítà, àyàfi tó bá kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ ti ẹran, tó sì ka ení títí dé ọgọ́rùn-ún. Àwọn yòókù ń kà á bí ẹni tí ajá ń lé. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kó máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ yàrá, nítorí pé òun ṣì nímú. Kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní Onímú mọ́. Adùbúlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dáhùn.

Láìpẹ́ yìí, awakọ̀ tuntun kan tó kó oúnjẹ ẹran wá yọjú wo Ilé Kẹrin, ó rí bàtà rọ́bà méjì tó nà gbọọrọ láàárín àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ó pariwo, "Ẹ gbà mí o! Òkú ènìyàn wà níbí!"

"Kò sí wàhálà," ni ẹni tó ń fún ẹran lóúnjẹ wí láìgbójú sókè. "Iṣẹ́ ló ń ṣe."

Láti ilẹ̀, ohùn kan ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ti dé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ẹlẹ́dẹ̀ kékeré kan tó ní àmì dúdú létí sì dúró síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń já okùn bàtà.